Pupa Tí Kì í Ṣe Eruku

Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo wá tì ní Àbíjàn ni eruku. Ẹlòmíràn á ní ìyá òun lòun ń rántí, ẹlòmíràn á ní ọbẹ̀. Èmi, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jí létí òkun, ẹsẹ̀ mi ni mo wò. Mo rí i pé iyanrìn ti sọ ọ́ di funfun, mo sì ń wá ibi tí pupa rẹ̀ wọlé sí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, èèyàn kì í fọ eruku tán. Ó wà lára fèrèsé, ó wà lẹ́yìn etí ọmọdé, ó wà nínú aṣọ tí a kó sínú àpótí. Bí ìyá mi bá rí pupa lára ohunkóhun, á fẹnu fẹ́ ẹ, á fi etí ìró nù ún, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Mo sọ èyí ṣáájú nítorí pé òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn mẹ́rin.

Mẹ́kàníìkì alùpùpù ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ní tòsí Ọjà Igbó, ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Sùlé. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ni mo gbé títí mo fi gba fíríìdọ̀mù. Màmá Ọ̀yọ́ la máa ń pè é. Nígbà tí Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, dé, tí pààtì alùpùpù tuntun di ohun tí à ń fojú rí tí ọwọ́ kò tó, àwọn oníbàárà wa gbé alùpùpù wọn jókòó sílé, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn. Mo tẹ̀lé àwọn ará ìlú mi lọ sí Àbíjàn. Àwọn Ògbómọ̀ṣọ́ ti pọ̀ níbẹ̀ láti ayé àwọn bàbá wa, n kò sì ní fi bí a ṣe rìn dá yín lágara. A dé.

Ará ìlú wa tó gbà mí sílé ń ta aṣọ, aláṣọ kò sì ní ohun tó fẹ́ fi ọwọ́ tó kún fún ọ́ìlì ṣe. Ó mú mi lọ bá àwọn Fanti apẹja tó ti Gánà wá tẹ̀dó sí etí òkun. Mo dọ̀bálẹ̀ fún olórí wọn bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Gbogbo wọn ń wolẹ̀. Wọ́n rò pé nǹkan mi ló jábọ́. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ kúnlẹ̀ tì mí, ó ń bá mi fọwọ́ tú iyanrìn. Mo dìde, mo gbọn ara, n kò sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì wọn tún yà mí lẹ́nu. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló so rọ̀ sí. Kìránkì, ọ̀pá irin tí písítìnì ń yí, máa ń dùbúlẹ̀ nínú alùpùpù ni. Nínú tiwọn, ó nàró bí ọmọ odó. Omi òkun gan-an ni wọ́n ń gbà láyè kí ó gba inú rẹ̀ kọjá, kí ó má baà gbóná jù. Mo rò ó lọ́kàn mi pé, iyọ̀ àti irin? Mo rò ó lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbàgbé. Nígbà tí mo tú u, ohun tí Bàbá Sùlé kọ́ mi náà ni mo bá nínú rẹ̀: bẹ́rìn lókè, bẹ́rìn nísàlẹ̀, òrùka irin tí wọ́n to ọta róbótó róbótó sí nínú, tí kìránkì ń yí lórí rẹ̀. Inú mi balẹ̀ díẹ̀.

Ti Kọ́fì ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ọkùnrin gíga kan ni, kì í sọ̀rọ̀, òun àti àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ló ń jáde lọ pẹja. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké bí ẹni tó ń lọ ata gbígbẹ. Mo yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, mo la ilé kìránkì sí méjì, mo gbé kìránkì jáde, mo sì fi púlà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, fa àwọn bẹ́rìn àtijọ́ kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yíyọ kì í ṣe wàhálà. Wíwọ̀ ni wàhálà, torí bẹ́rìn tuntun máa ń há. Àwọn tó ti ń ṣe é fún wọn tẹ́lẹ̀, òòlù ni wọ́n fi ń gbá a wọlé, òòlù a sì máa ṣe bẹ́rìn léṣe. Bàbá Sùlé kì í lo òòlù. Á gbé ọ́ìlì kaná, á sọ bẹ́rìn sínú rẹ̀ kí ihò rẹ̀ lè là. Láti mọ̀ bóyá iná ti tó, á ju ègé àlùbọ́sà kan sí i bí alákàrà. Bí àlùbọ́sà bá ń hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ti tó. Bó bá ń dúdú, iná ti pọ̀ jù, bẹ́rìn á bàjẹ́.

Mo ní kí wọ́n bá mi wá àlùbọ́sà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ebi ń pa mẹ́kàníìkì. Nígbà tí àlùbọ́sà hó, mo fi ẹ̀mú mú bẹ́rìn, mo gbé e lé orí kìránkì, ó sì sọ̀kalẹ̀ jókòó sáyè rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í. Ẹ̀rín tán. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi èdè wọn pè mí ní Alálùbọ́sà. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mò ń sọ ọ́ nítorí pé kò dùn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹsí, ìyàwó Kọ́fì, ló fún mi ní àlùbọ́sà náà, Yorùbá ló sì fi bi mí bóyá ọ̀kan tó. Ó ti gbé Èkó rí. Ẹja ló ń yan tà níbẹ̀, kí ìjọba wa tó ní kí gbogbo ará Gánà máa lọ. Ó jù mí lọ, nítorí náà Àǹtí Ẹsí ni mo ń pè é, òun ń pè mí ní Mẹ́kà. Bí ọlọ́pàá bá dá mi dúró lọ́nà tó ní kí n fi ìwé hàn, tí mo dé tí mo sọ fún un, á rẹ́rìn-ín, á ní èmi náà ti wá mọ bó ṣe ń rí. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó dì mí sínú. 

Ohun tí n kò lè ṣàlàyé fún àwọn ará ilé ni pé n kò sunkún. Wọ́n rò pé ẹni tó wà lẹ́yìn odi á máa sunkún ilé. Ara mi kàn kú ni, bí apá téèyàn sùn lé. Ó mọ̀ pé apá òun ni, ó ń wò ó, ṣùgbọ́n bó bá fọwọ́ kàn án, kò mọ̀ ọ́n lára. Mò ń jí, mò ń kírun, mò ń jẹ búrẹ́dì gígùn wọn, mò ń tú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ń sọ Faransé lọ́tùn-ún mi, wọ́n ń sọ Fanti lósì, mo wà láàárín bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì. Kò dùn mí. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọjọ́ fóònù. Alhaji kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Takie, nílùú wa, tó ní fóònù nínú, ó sì gbà kí àwọn èèyàn wa máa wá jókòó dè mí. Aago mẹ́wàá tiwa ni aago mọ́kànlá tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ràṣídì, sọ fún mi pé láti aago mẹ́sàn-án ni Màmi ti máa ń dé, á wé gèlè, á lé tìróò, bí ẹni tí mo máa rí. Kò gbà pé ohùn lè rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn pariwo, nítorí náà gbogbo Takie ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ibì kan náà ló máa ń parí rẹ̀ sí.

“Omi yẹn, má bá wọn wọ̀ ọ́ o. Ẹ̀rọ ni kó o máa tún ṣe, kó o dúró sórí ilẹ̀.”

Mo ṣèlérí fún un. N kò wọ ọkọ̀ wọn rí, kódà kí n fi ṣeré.

Ní oṣù kan, Bọ̀dá Ràṣídì nìkan ló gbé fóònù. Mo bèèrè Màmi.

“Wọ́n ti lọ sí Ọ̀yọ́,” ló wí. “Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n lọ. Ara wọn le, má ronú.”

Wẹ́rẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń kà á nínú ìwé. Mo ní kí wọ́n bá mi kí i. Oṣù kejì, ó tún ní Ọ̀yọ́ ni ó ṣì wà. Mo bi í pé ṣé Màmi máa jẹ́ kí ọjọ́ fóònù kọjá lẹ́ẹ̀mejì? Ó ní ẹsẹ̀ ń dun Màmá Ọ̀yọ́, kò sí ẹni tí yóò máa pọnmi fún un. Mo gbà á. Gbígbà rọrùn ju àìgbà lọ, ara mi kò sì ní agbára èyí tó le.

Ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an ni mo wọ bẹ́rìn tuntun sí ẹ́ńjìnnì Kọ́fì lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbì ti da omi sínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì tún ti ń ké. Òfin Bàbá Sùlé ni pé bẹ́rìn tuntun gan-an, kí èèyàn fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ kí gíríìsì inú páálí kúrò, kí ó tò ó sórí ìwé ìròyìn kí ó gbẹ. Ẹ̀yìn èyí, kí ó gbé e sí etí, kí ó fi ìka yí i. Etí la fi ń wo bẹ́rìn, kì í ṣe ojú. Bó bá ń sọ̀rọ̀, má lò ó.

Mo fọ mẹ́ta lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀kan nínú wọn wà fún ìfipamọ́. Mo tò wọ́n sábẹ́ búkà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo lọ kírun, n kò padà síbẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Bí a ṣe ń ṣe é ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìyẹn. Bẹ́rìn lè wà lórí ìwé ìròyìn fún ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, eruku nìkan ni yóò bà lé e. Nígbà tí mo ti ibi fóònù dé, mo rí pupa díẹ̀ lára àwọn bẹ́rìn náà. Mo fẹnu fẹ́ ẹ. Mo fi etí ẹ̀wù nù ún. Mo gbé ọ́ìlì kaná, àlùbọ́sà hó, bẹ́rìn wọlé. N kò gbé e sí etí. Etí mi ṣì wà ní Takie.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí Kọ́fì jáde lọ́jọ́ Ajé tí kò wọlé mọ́. Ọkọ̀ tó kù ti dé kí oòrùn tó wọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin kan nínú àwọn apẹja sọ fún mi pé òun kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbi tó jìnnà, òun sì gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì wọn ń ké bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ata. Ó fi ọwọ́ ṣe ata lílọ fún mi kí ó lè yé mi. Ó yé mi.

Mo lọ sí búkà. Bẹ́rìn kẹta ṣì wà lórí ìwé ìròyìn níbi tí mo gbé e sí. Ó ti pọ́n káàkiri. Mo fẹnu fẹ́ ẹ, pupa náà kò lọ. Mo fi aṣọ nù ún, kò lọ. Mo gbé e sí etí mi, mo fi ìka yí i, ó ń dún bí ìgbà téèyàn jẹ iyanrìn mọ́ gààrí. Mo wolẹ̀. Iyanrìn funfun ló wà níbẹ̀ dé ibi tí ojú mi lè rí. Ta ló fẹ́ gbé eruku pupa wá sí etí òkun? Ìpẹtà ni. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ló jẹ irin tí mo fọ gíríìsì ara rẹ̀ kúrò, mo sì fi ojú ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wò ó.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Àǹtí Ẹsí fi dé, tòun ti èéfín ẹja lára. Ó ní èmi lòun wá bá, nítorí èmi ni mo mọ ẹ́ńjìnnì náà. Ó bi mí pé ibo ni Kọ́fì wà.

“Wọ́n ti lọ sí Sásáńdírà,” ni mo wí. “Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n lọ. Ara wọn le, ẹ má ronú.”

N kò mọ̀ bóyá Kọ́fì ní ẹ̀gbọ́n, Sásáńdírà sì jẹ́ ìlú etí òkun tí mo kàn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ náà jáde wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń kà á nínú ìwé. Àǹtí Ẹsí wò mí, ó mi orí, ó padà sídìí ẹja rẹ̀. Èmi dúró pẹ̀lú bẹ́rìn lọ́wọ́. Mo mọ ẹni tó ni ohùn yẹn. Ohùn Bọ̀dá Ràṣídì ni.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé Màmi ti kú.

Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ṣáá. A máa ń ní ara ẹni náà kò yá díẹ̀, tàbí pé ó rìnrìn àjò, títí a ó fi rí ẹni tí yóò jókòó ti ọlọ́fọ̀ náà kí a tó là á fún un. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi fúnra mi ti bá wọn ṣe é rí fún ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Kánò. Mo kọ lẹ́tà sí i pé bàbá rẹ̀ ń bèèrè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ti sin bàbá náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo rò pé inúure ni mo ṣe. Bóyá inúure náà ni. Ṣùgbọ́n mo dúró létí òkun, mo sì ń ka iye ìgbà tí mo ti ní kí wọ́n bá mi kí òkú.

N kò sunkún. Mo ń retí ẹkún, kò wá. Ohun tó wá ni pé n kò lè fi Àǹtí Ẹsí sílẹ̀ sínú ohun tí wọ́n fi mí sí. Mo lọ bá a nídìí ẹja.

“Irọ́ ni mo pa fún yín,” mo ní. “N kò mọ ibi tí wọ́n wà. Bẹ́rìn tí mo wọ̀ fún wọn ti dógùn-ún, n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo fà á.”

Mo rò pé yóò fi igi iná lé mi. Ó yọ igi kúrò nídìí ẹja, ó nu ọwọ́, ó sì bi mí pé kí ló dé tí mo wá ń sọ ọ́ nísinsìnyí. Mo ní ìyá mi ti kú. Ó bi mí pé nígbà wo. Mo ní n kò mọ̀. Ó fa àga kékeré rẹ̀ sí ibi tí a ti lè rí omi, ó sì na ọwọ́ sí iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Jókòó,” ó ní. “Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wá sọ nǹkan, kó bá wa níbí.”

A jókòó. Kò bú mi, kò sì tù mí nínú. Nígbà tó yá ó bi mí bí Màmi ṣe rí, mo sọ ọ̀rọ̀ gèlè àti tìróò fún un, àti bí ó ṣe máa ń pariwo sínú fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun náà a máa pariwo. Mo kúrò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti kírun, mo sì ń padà wá jókòó.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni wọ́n dé. Tapólì ni wọ́n ta bí aṣọ ìgbòkun, wọ́n sì ń fi àjẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé. Oòrùn ti bó ètè wọn, ọ̀kan kò lè dúró. Àǹtí Ẹsí dìde, ó wọ inú omi dé orúnkún lọ pàdé wọn, ó ń fi Fanti bá Kọ́fì jà. Èmi kò lè dìde. Ẹsẹ̀ mi ti kú, ẹsẹ̀ gidi, nítorí ìjókòó pípẹ́, bó sì ṣe ń jí padà ó ń ta mí bí abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni ẹkún ti bá mi. Àwọn tó rí mi rò pé nítorí ọkọ̀ ni.

Ní ọjọ́ kẹta, Kọ́fì gbé ẹ́ńjìnnì wá sí búkà fúnra rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbé e kalẹ̀, ó wò mí títí, lẹ́yìn náà ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ àlùbọ́sà kan, ó fi sí mi lọ́wọ́.  Bẹ́rìn tí mo lò lọ́jọ́ náà, inú páálí ni mo ti yọ ọ́ tààrà, mo gbé e sí etí kí n tó gbé e sínú ọ́ìlì. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dúró sẹ́yìn ọkọ̀, mo bọ́ bàtà mi, mo bá wọn wọ inú ọkọ̀ lọ dán an wò. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmi. Kò bójú mu kí n fi ẹ̀rọ tí mo tún ṣe rán èèyàn lọ sí ibi tí èmi kò lè lọ.

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ pé. Aago mẹ́wàá, Bọ̀dá Ràṣídì gbé fóònù, ó kí mi, ó bèèrè iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ kí n tó bèèrè.

“Màmi ṣì wà ní Ọ̀yọ́…”

“Bọ̀dá,” mo ní, “ta ló wẹ̀ wọ́n?”

 Mò ń gbọ́ ariwo Takie lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan ń fun fèrè mọ́tò, Alhaji ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ máa padà wá, kì í ṣe èyí tó fi ń kàwé mọ́.

“Màmá Ọ̀yọ́ ni. Àwọn ló ti Ọ̀yọ́ wá wẹ̀ wọ́n.”

Ó ń bẹ̀ mí. Ó ní láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń bọ̀ ní Àbíjàn, àgbàlagbà tó lè jókòó tì mí kí ó tó sọ ọ́, ẹni tí wọ́n rí kò tíì rí mọ́tò. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ rán ẹnikẹ́ni mọ́, ẹnìkan ti jókòó tì mí.

Ó bi mí pé ọmọ ilé ta ni nílùú wa.

Mo ní ará Gánà ni. Mo ní Èkó ló ń gbé tẹ́lẹ̀, kí a tó lé e.